Kí Tísà Dúró Ni, Àbí Kó Padà Wálé?

 

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Agboolé tí kò ní ọ̀kan nínú wọn kò pọ̀ mọ́. Nílé tiwa, àbúrò mi obìnrin ni. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, bó bá ti pè, kò ní tíì béèrè àlàáfíà wa tán kó tó sọ pé: "Àǹtí mi, ṣé kí n dúró ni, àbí kí n máa bọ̀?"

A jókòó lé e lórí nílé. Àbúrò bàbá wa kan sọ pé ẹni tó bá ti dé ọ̀hún kì í padà, kó yáa gbọ́n ọgbọ́n tó bá fẹ́ gbọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ní kó tètè máa bọ̀ kí wọ́n tó lé e. Ẹlòmíràn béèrè pé bó bá padà, ta ni yóò máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tó ń bá wa tọ́jú? Gbogbo wa sọ tiwa tán kí ìyá wa tó la ẹnu. Ó ní: "Ó dáa. Kí ni òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́?"

Kò sí ẹnikẹ́ni tó ti bi í léèrè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà olùkọ́ ni, bàbá wa sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ àjèjì kí wọ́n tó lé e kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rí. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ ya òtítọ́ kúrò lára àhesọ, nítorí àhesọ tó ń gba orí fóònù kiri lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù.

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà fún àwọn olùkọ́ láti ibi mẹ́sàn-án tuntun pé kí wọ́n fi ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n gbà nílé bèèrè fún àṣẹ ìkọ́ni lọ́hùn-ún. Náíjíríà àti Gánà wà nínú wọn. Bẹ̀nẹ̀ tiwa kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Ṣakí ni ìyá wa, Náíjíríà ni àbúrò mi ti lọ gba oyè olùkọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ ló fún un ní Faransé, Náíjíríà ló fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ààlà tí wọ́n là sí àárín wa láìbi wá léèrè ló wá di àǹfààní fún òun. Irú olùkọ́ tí wọ́n sì ń wá nìyẹn. Ní ọdún yẹn, ìjọba náà kéde £10,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìrànlọ́wọ́ fún olùkọ́ èdè àti ti físíìsì tó bá kó wá láti òkèèrè.

Kò pẹ́ tí ìró mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, owó ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àjèjì kúrò ní £624 lọ́dún, ó di £1,035 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan àti £776 fún ọmọdé. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, owó tó kéré jù tí òṣìṣẹ́ àjèjì gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún fò láti £26,200 sí £38,700. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ó tún di £41,700.

Ibí yìí ni àhesọ ti wọlé. Àwọn kan ń fi ránṣẹ́ kiri pé gbogbo tísà tí owó rẹ̀ kò bá tó £41,700 ti di ẹni tó ń palẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba ní ìwọ̀n owó-oṣù tirẹ̀ tí òfin mọ̀ sí. Fún ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2025, £32,916 ni owó ọdọọdún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù àti agbègbè rẹ̀, òfin kò sì tìtorí ìyẹn lé e. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà yẹn gba owó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ bá yín tún ìwé ṣe.

Èyí tó ká àbúrò mi lára gan-an ni èyí tó tẹ̀lé e. Ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2025, ìjọba náà gbé ìwé kan jáde pé àwọn fẹ́ kí ọdún márùn-ún tí àjèjì fi ń ṣiṣẹ́ kó tó lè bèèrè fún ìwé ìgbé-títí di ọdún mẹ́wàá, àti pé ẹni tó bá ṣe ìlú láǹfààní lè rí ẹ̀dínkù gbà. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣàlàyé sí i, wọ́n sì ní ó lè kan àwọn tó ti wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì gba ìwé náà. Wọ́n gba èrò ará ìlú lórí rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2026 ni wọ́n fi òpin rẹ̀ sí.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀, ọmọ méjì. Bí ọdún márùn-ún bá lé sí i, owó ìlera àgbàlagbà méjì jẹ́ £10,350, ti ọmọdé méjì jẹ́ £7,760. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £18,110, ó lé ní mílíọ̀nù 13 sẹ́fà, bí kò bá sí ẹni tó bá wọn san nínú rẹ̀. A ò tíì ka owó físà. A ò tíì ka owó ìwé ìgbé-títí fúnra rẹ̀, tó jẹ́ £3,029 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2025. Lórí gbogbo èyí, orí ilé-ìwé tó gbà á síṣẹ́ ni físà rẹ̀ dúró lé. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, wọ́n lè gé àkókò tó kù fún un sí ọgọ́ta ọjọ́, kó fi wá ilé-ìwé mìíràn tó ní àṣẹ láti gba àjèjì, tàbí kó máa lọ.

Ẹ wá rí i pé kò sí ẹni tó ní kó máa lọ. Wọ́n kàn ń sún òpó síwájú ni bó ti ń súnmọ́ ọn. Ẹni tó bá ti bá irú eré bẹ́ẹ̀ sá rí mọ̀ pé ó ń rẹni ju kí wọ́n lé ni lọ.

Èmi mọ bí lílé ṣe rí. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Gàbọ̀n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ ìtàn yìí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ọmọ ilẹ̀ wa ni tísà àti akọ̀wé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfríkà. Ìwé la fi mọ̀ wá, débi pé wọ́n sọ ilẹ̀ wa ní "Quartier latin" Áfríkà. Àmọ́ bí àwọn ilẹ̀ náà ti ń gba òmìnira, àwọn ọmọ wọn náà ń kàwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló dé tí àjèjì fi jókòó sórí àga ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, wọ́n kọjú ìjà sí àwọn ará Dahomey àti Tógò ní Abidjan, wọ́n lé wọn. Ní ìparí ọdún 1963, ìjà orí erékùṣù Lété tó wà nínú odò Ọya mú kí Niger lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ wa.

Ti Gàbọ̀n wá dé ní 1978. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977, àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó bẹ̀ lọ́wẹ̀ balẹ̀ sí Kútọnu, wọ́n fẹ́ gba ìjọba, wọn kò rí i gbà. Ààrẹ Kérékou fi ẹ̀sùn kan Gàbọ̀n pé ó lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí àwọn olórí Áfríkà pàdé ní Khartoum ní oṣù Keje ọdún 1978, ọ̀rọ̀ náà gbóná láàárín òun àti Ààrẹ Bongo. Kò pẹ́ sí i, Bongo pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kó jáde ní Gàbọ̀n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wá. Kò sí ẹni tó ní kí bàbá wa jókòó ro ó bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ.

Àpò kan ni bàbá wa gbé fúnra rẹ̀. Ìyá wa ń di aṣọ àti ìkòkò, òun ń wá ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kiri ilé, ìwé tó ti kọ iṣẹ́ oṣù Kẹwàá sí kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n fún un ní kíláàsì, ìwé yẹn ló ṣí. Mo rí i níbi tó ti fi kálámù pupa fa ìlà lórí odò Ogooué tó kọ Ouémé sí òkè rẹ̀, tó pa orúkọ Libreville rẹ́ tó kọ Àjàṣẹ́. Ẹ̀kọ́ náà kò yí padà.

Iṣẹ́ kò dùn ún. Ohun tó dùn ún ni ìgboro. Bí ó bá kọjá ní ọjà, wọ́n á ní: "Tísà Gàbọ̀n, kí lẹ mú bọ̀ fún wa?" Àwọn tó ti máa ń rí owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà mọ́, wọ́n ní ó ti jẹ owó rẹ̀ ní ọ̀hún. Àwọn mìíràn ní ó ní láti jẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan, pé wọn kì í déédéé lé ènìyàn. Fún nǹkan bí ọdún méjì, bàbá wa kò dé ibi ìnáwó kankan nílùú yìí. Á lọ sílé-ìwé, á padà sílé. Gàbọ̀n gba ilé àti iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwa ará ilé la gba ojú tó fi ń wo ènìyàn.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ tí àbúrò bàbá wa ń sọ pé ẹni tó bá ti dé ọ̀hún kì í padà, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bọ̀. Òfin ni. Ó ti wà kí ìjọba kankan tó kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Òfin ìlú Òyìnbó ní bí o bá ṣiṣẹ́ iye ọdún báyìí, tí o san iye owó báyìí, o lè dúró. Òfin tiwa ní bí o kò bá mú nǹkan bọ̀, o kò gbọdọ̀ dé. Èwo ló le jù nínú méjèèjì?

Kí ẹ má baà rò pé àwa nìkan ni wọ́n ń ṣe é sí, ẹ rántí pé àwọn àjèjì náà ń kọ́ ọmọ wa. Lẹ́yìn tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Náíjíríà sọ ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́ ní 1979, àwọn olùkọ́ láti Gánà pọ̀ ní ilé-ìwé wọn. Nígbà tí àṣẹ jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Bẹ̀nẹ̀ níbí ni èrò tó ń lọ sí Gánà gbà kọjá pẹ̀lú àpò aláràbarà tí a ṣì ń fi orúkọ wọn pè títí dòní. Wọ́n yọ àwọn tí ìjọba gbà síṣẹ́ sílẹ̀ nínú àṣẹ náà. Ẹ wá rò ó wò ná: tísà kan ń jókòó ní yàrá olùkọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án, ó sì ń wo àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà bí ó ti ń di ẹrù. Ìwé lè sọ pé kí ènìyàn dúró, kí ọkàn rẹ̀ ti máa lọ.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí náà, àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti Náíjíríà wà láàárín wa, pàápàá ní ilé-ìwé aládàáni. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan wọ èkejì láìgba físà fún 90 ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú wọlé. Ọ̀kan nínú wọn, ará Ìséyìn, bá mi kọ́ni ní ilé-ìwé kan. Nígbà tí Náíjíríà ti ààlà rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí kò sì ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìrìn tó máa ń rìn lọ wo ìyá rẹ̀ di ohun tó ń fi ọ̀sẹ̀ gbáko gbèrò lé lórí. Owó tirẹ̀ náà kò tó nǹkan. Gbogbo wa rò pé yóò lọ. Kò lọ.

Mo bi í léèrè ní ọjọ́ kan. Ó ní: "Màdáàmù, ẹ má rò pé mo dúró nítorí pé n kò rí ọ̀nà lọ. Yàrá mi wà nílé. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí i. Ó ń gbá a, ó ń ṣí fèrèsé rẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá dé, mo dé náà nìyẹn. Ìdí tí mo fi lè dúró nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹni tí ilé ń retí ló lè dúró lẹ́yìn odi láìgbọ̀n. Bí ọ̀gá bá fi ojú tín-ínrín rẹ̀, ó lè sọ pé rárá. Bí owó òfin bá ti ju èrè iṣẹ́ lọ, ó lè ṣírò rẹ̀ kó sì dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti sọ fún pé kò gbọdọ̀ padà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ohunkóhun tí wọ́n bá bèèrè ni yóò san, ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe sí i ni yóò gbà. Àwa ará ilé la gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, tí a tún ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá a nídè.

Mo lọ wo yàrá àbúrò mi nílé wa. Àpò àgbàdo mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, àti kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní táyà. Kò sí ẹni tó fi ibi ṣe é. Yàrá ṣófo, àgbàdo sì nílò ààyè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, orí àgbàdo ni à bá tẹ́ ẹní fún un sí.

A kó o jáde. Àwọn ọmọ ọkùnrin inú ilé kun ògiri rẹ̀. Ìyá wa ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ kí n fi ránṣẹ́, kí n má kọ nǹkan kan sí i. Mo fi ránṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ohun tó kọ ni pé: "Ta ló ni yàrá yẹn?" Mo ní: "Ìwọ ni." Ìgbà yẹn ló wá pè, a sì sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá, kì í ṣe bí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á.

Ó sọ ohun tí kò tíì sọ rí. Ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn ọmọ kan wà ní kíláàsì òun tí wọn kò tíì gbọ́ kí ènìyàn dúdú sọ Faransé rí, tí wọ́n rò pé Paris nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́, tí òun sì fi àwòrán ilẹ̀ ayé hàn wọ́n, láti Dakar dé Kinshasa. Ó ní àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ wà lára ògiri kíláàsì òun. Ó ní òtútù kò dá òun lágara, ìwé ló dá òun lágara. Ó tún ní ọmọ òun àgbà yóò ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ní ọdún 2028, òun kò sì ní fa ọmọ yọ láàárín ẹ̀kọ́ nítorí ẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà ló sọ ìpinnu tí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe. Físà wọn yóò parí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, wọn yóò tún un ṣe. Wọ́n yóò wà níbẹ̀ títí ọmọ yóò fi ṣe ìdánwò. Ìgbà náà ni yóò pé ọdún márùn-ún. Bí òfin bá ṣì gbà á ní ọdún márùn-ún, tàbí bí wọ́n bá ka iṣẹ́ olùkọ́ sí ohun tó ń mú àkókò kúrú, wọn yóò bèèrè fún ìwé náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá gbáko, wọn yóò padà wálé ní ọdún 2028, pẹ̀lú owó tí wọn ì bá fi san ọdún márùn-ún yòókù. Ẹni tó lè fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni kò ní ṣàìrí iṣẹ́ ṣe láàárín Kútọnu àti Ìbàdàn.

Ó ní: "Àǹtí mi, kò sí ẹni tó máa lé mi. Bí mo bá lọ, èmi ni mo lọ."

Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn gba èyí. Àbúrò bàbá wa ṣì ń mi orí. Ó ní ọdún 2028 jìnnà, ó ní a ń fi ẹnu ara wa pe òfo. Mo bọ̀wọ̀ fún un, àgbà ni. Ṣùgbọ́n òun náà wà nílùú yìí nígbà tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Tísà Gàbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà nínú irú ipò yìí. Ẹ má gbọ́ òfin lẹ́nu ẹni tó ń ta físà. Ẹ lọ ka ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ. Ẹ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olùkọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NEU àti NASUWT wà, ẹgbẹ́ a máa gba olùkọ́ rẹ̀ níyànjú bí ọ̀ràn iṣẹ́ bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yín parẹ́ nínú ìwé àwọn olùkọ́ nílé. Ẹ tọ́jú ìwé ìbí àwọn ọmọ, kí pásípọ́ọ̀tù ilé wọn má sì parí lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ Yorùbá sí wọn, kí ilé má baà jẹ́ ilẹ̀ àjèjì kejì fún wọn. Ẹ jókòó pẹ̀lú ọkọ tàbí aya yín, kí ẹ kọ ọjọ́ kan sílẹ̀ tí ẹ ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, àti iye owó tó jẹ́ pé bó bá ti kọjá ibẹ̀, ó tó.

Fún àwa ará ilé, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a tó sọ ohun tí a fẹ́. Ẹni tó bá dé lọ́wọ́ òfo, ẹ fún un lómi mu kí ẹ tó bi í léèrè ẹrù. Àwọn tísà àjèjì tó wà láàárín wa níbí, ẹ máa kí wọn, ẹ má fi owó ilé ni wọ́n lára, ẹ má sọ "ẹ máa lọ sílé yín" sí wọn nítorí ìjà ọjọ́ kan. Ọmọ yín ló wà lọ́wọ́ wọn.

Yàrá ta ni àgbàdo wà nínú rẹ̀ nílé yín? Ẹ dìde kí ẹ lọ wò ó.

Kí ọ̀nà ilé má dí mọ́ ọmọ wa kankan o. Àṣẹ.